Jíà Oníkílọ́ọ̀ṣì Méjì: Ibo Ni Ooru Ń Gbà Jáde?

Ẹni tó bá fẹ́ ra ọkọ̀ ìdílé ní Ilé-Ifẹ̀, ìbéèrè mẹ́ta ló máa ń kọ́kọ́ jáde lẹ́nu rẹ̀: èló ni, ṣé kì í mu epo jù, ṣé éésì rẹ̀ ń tutù. Kò sí èyí tí kò dáa níbẹ̀. Ṣùgbọ́n ìbéèrè kẹrin ti wọ̀ ọ́ báyìí, ọ̀pọ̀ nínú wa ni kò sì tíì máa bèèrè rẹ̀: irú jíà wo ló wà nínú ọkọ̀ náà? Bó bá jẹ́ jíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì ni (kílọ́ọ̀ṣì ni ohun tó ń so ẹ́ńjìnnì pọ̀ mọ́ jíà, tó sì ń tú wọn), ṣé kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ni, àbí èyí tó wà nínú ọ́ìlì? Ọkọ̀ méjì lè wà tí ọdún wọn dọ́gba, tí máìlì wọn dọ́gba, tí owó wọn fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, kí ìdáhùn sí ìbéèrè yìí nìkan ya wọ́n sọ́tọ̀: kí ọ̀kan sin olówó rẹ̀ dalẹ́, kí èkejì máa sùn ní ọgbà mẹkáníìkì.

Ifẹ̀ ni mò ń gbé, Iléṣà ni ìyàwó mi ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀nà tó wà láàrin ìlú méjèèjì kò ju nǹkan bí 30 kìlómítà lọ. Àwọn ọmọ wà nínú ọkọ̀ láàárọ̀, ẹrù ọjà wà nínú búùtù nírọ̀lẹ́. Fún irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀, ọ̀rọ̀ jíà kì í ṣe ọ̀rọ̀ fàájì. Bí jíà bá dákẹ́ lọ́nà Ọ̀ṣú nígbà tí ilẹ̀ ń ṣú lọ, ìyàwó ẹni àti ọmọ ẹni ló máa dúró sẹ́bàá igbó. Ìdí nìyẹn tí mo fi fara balẹ̀ kọ́ nípa ọ̀rọ̀ yìí kí n tó náwó, tí mo jókòó ti àwọn mẹkáníìkì, tí mo sì fojú ara mi rí ohun tó wà nínú jíà nígbà tí wọ́n tú u sílẹ̀.

Ó pẹ́ tí a ti ń wa ọkọ̀ láìní irú àròjinlẹ̀ yìí. Corolla àti Camry ló kún ìlú, Toyota kò sì fi jíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì sínú èyíkéyìí nínú wọn. Ọ́tò tí a mọ̀ látilẹ̀ wá, torque converter ló ń lò: ọ́ìlì ló ń gbé agbára láti ara ẹ́ńjìnnì dé ara jíà, nítorí náà bí o bá dúró sójú kan tí ọkọ̀ wà ní D, kò sí kílọ́ọ̀ṣì kankan tó ń họ. Ọwọ́ àwọn mẹkáníìkì wa ti mọ́ ọn lára. Nígbà tó di oṣù karùn-ún ọdún 2023 tí ìjọba yọ owó ìrànwọ́ orí epo, tí lítà kan fò láti ohun tí kò tó ₦200 lọ sí ohun tó lé ní ₦480, tó sì tún ti kọjá ₦1,000 kí ọdún 2024 tó parí, gbogbo ojú yí sí ọkọ̀ ẹ́ńjìnnì kékeré, èyí tó ní tọ́bò, tó ń rọra mu epo. Inú irú ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ gan-an ni jíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì pọ̀ sí.

Ará Faransé kan, Adolphe Kégresse, tó ti bójú tó ọkọ̀ Tsar Nicholas Kejì rí ní Rọ́ṣíà, ló gbé ètò yìí kalẹ̀ ní 1939. Ogun Àgbáyé Kejì kò jẹ́ kó lọ jìnnà, ọkùnrin náà sì kú ní 1943. Ó di àwọn ọdún 1980 kí Porsche àti Audi tó fi irú rẹ̀ sínú ọkọ̀ ìdíje, ó sì di 2003 kí Volkswagen tó fi í sínú Golf R32, ọkọ̀ tí ará ìlú lè wọ ilé ìtajà kó rà. Mánúwà ni gbogbo rẹ̀ ní ìpìlẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì kan ń bójú tó jíà kìíní, ìkẹta àti ìkarùn-ún. Èkejì ń bójú tó ìkejì, ìkẹrin àti ìkẹfà. Ọ̀pá méjì ló ń gbé wọn, ọ̀kan ní ihò nínú, èkejì gba inú ihò náà kọjá. Bí o bá wà ní jíà kejì, kọ̀ǹpútà ti mú jíà kẹta kalẹ̀ lórí ọ̀pá tó kù, ó ń retí. Tí àkókò bá tó, kílọ́ọ̀ṣì kan tú, èkejì mú, lẹ́ẹ̀kan náà. Agbára ẹ́ńjìnnì kò já rárá kó tó dé ara táyà. Ẹni tó bá ti wà á lọ́nà márosẹ̀ yóò mọ̀ ọ́n lára: ọkọ̀ ń lọ geere, kò fà sẹ́yìn, kò sì ta pọ́n-ún. Mo fẹ́ràn rẹ̀ gan-an. Láàrin Ìkirè sí Ìbàdàn, mi ò mọ jíà mìíràn tó dùn ún wà tó o.

Ìgbà tí ọkọ̀ bá fẹ́ gbéra ni ẹjọ́ bẹ̀rẹ̀. Ẹ́ńjìnnì ń yí, táyà kò tíì yí. Kílọ́ọ̀ṣì gbọ́dọ̀ yọ̀ díẹ̀ kó tó mú. Yíyọ̀ yẹn ló ń di ooru. Ẹ họ àtẹ́lẹwọ́ yín méjèèjì mọ́ra nígbà ọyẹ́, ẹ óò rí i bí wọ́n ṣe ń gbóná kíá. Ẹ wá fi òrí pa wọ́n kẹ́ ẹ tún họ wọ́n, ẹ ó rí ìyàtọ̀. Gbogbo ohun tí mo fẹ́ sọ nínú ọ̀rọ̀ gígùn yìí wà níbẹ̀. Kílọ́ọ̀ṣì méjèèjì ló ń yọ̀, méjèèjì ló ń gbóná. Ibi tí ooru ń gbà lọ ni wọ́n fi yàtọ̀ síra.

Èyí tó gbẹ, afẹ́fẹ́ ló yí i ká, gẹ́gẹ́ bíi ti mánúwà. Irin tó tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ ló ń gba ooru náà sára, afẹ́fẹ́ inú jíábọ́ọ̀sì ló sì ń gbà á kúrò lára irin, díẹ̀díẹ̀. Bí ooru tó ń wọlé bá pọ̀ ju èyí tó ń jáde lọ, ṣe ni yóò máa ga sí i lórí irin kan náà. Èyí tó wà nínú ọ́ìlì ní pẹpẹ púpọ̀ tí wọ́n tò léra wọn, tí ọ́ìlì ń ṣàn gba àárín wọn kọjá. Pọ́ǹpù ló ń ti ọ́ìlì yẹn, ó ń kó ooru jáde, ó ń gbé e lọ síbi tí omi tó ń tu ẹ́ńjìnnì lára ti máa gbà á lọ́wọ́ rẹ̀.

Ẹnì kan lè wá bi mí pé, bí ti inú ọ́ìlì bá dáa tó báyìí, kí ló dé tí ẹnikẹ́ni ṣì ń ṣe èyí tó gbẹ? Ìdí wà, kì í sì í ṣe ìdí kékeré. Ọ́ìlì tó wà láàrin pẹpẹ máa ń fà wọ́n sẹ́yìn kódà nígbà tí kò yẹ kí wọ́n kan ara wọn, pọ́ǹpù náà sì ń jẹ nínú agbára ẹ́ńjìnnì. Jíà gbígbẹ kò ní èyí. Ẹ wo ti Volkswagen: DQ250, èyí tó wà nínú ọ́ìlì, wọn 93 kg, ó sì ń lo nǹkan bíi lítà 6.5 ọ́ìlì, DQ200 tó gbẹ, tí wọ́n mú jáde ní 2008, wọn 70 kg, lítà 1.7 péré ni ọ́ìlì jíà rẹ̀. Ó fúyẹ́, kò wọ́n púpọ̀ láti ṣe, ó sì ń dín epo kù ní tòótọ́. Ṣùgbọ́n agbára ìyípo tó lè gbé kò ju 250 Nm, nígbà tí DQ250 ń gbé 350. Àwọn tó ṣe é mọ ohun tí wọ́n ń ṣe. Ẹ́ńjìnnì kékeré ni wọ́n ṣe é fún, ní ibi tí ọkọ̀ bá ti gbéra, tó ń lọ.

Ǹjẹ́ ọkọ̀ máa ń gbéra kó lọ bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa? Ẹ jẹ́ ká wo Lágéré ní Ifẹ̀ níbí ní aago márùn-ún ìrọ̀lẹ́. Kẹ̀kẹ́ Márúwá wà lápá ọ̀tún, ọ̀kadà ń gba àárín, akẹ́kọ̀ọ́ tó ń sọdá kò wo ọ̀tún kò wo òsì, ọkọ̀ akérò kan sì ti dúró gbagidi láti já èrò. O sún bí ìgbọ̀nwọ́ méjì, o dúró. O tún sún. Ìyára yẹn kò tó ohun tí jíà kìíní lè fi mú tán, nítorí náà kílọ́ọ̀ṣì kò ní mú délẹ̀. Yíyọ̀ ni yóò máa yọ̀ ní gbogbo ìgbà tí o bá ń wọ́. Kílọ́ọ̀ṣì tó ń gbé jíà kìíní ló ń jẹ èyí tó pọ̀ jù nínú ìyà náà. Éésì ń ṣiṣẹ́, ọmọ mẹ́ta wà lẹ́yìn, iṣu wà nínú búùtù, oòrùn ọ̀gbẹlẹ̀ sì ti dáná sí ọ̀dà láti ọ̀sán. Ẹ wá gbé ọkọ̀ yẹn gun Òkè-Ìtasẹ̀.

Iléṣà ní tirẹ̀ le jù bẹ́ẹ̀ lọ, nítorí ìlú olókè ni. Ẹni tó bá mọ àdúgbò Ìmọ̀ níbẹ̀ mọ ohun tí mò ń sọ: o kò lè lọ, o kò lè bọ̀, láìgun nǹkan. Bí o bá tún kọjá Iléṣà, tí o forí lé Àkúrẹ́, òkè tó wà lápá Ẹ̀rìn-Ìjẹ̀ṣà sí Ìpetu ń dúró dè ọ́. Lórí òkè bẹ́ẹ̀, tírélà tó kún fún ẹrù máa ń rọra gùn bí ìrìn ẹsẹ̀, kò sì sí ibi tí o fẹ́ yà gbà. Ẹ̀yìn rẹ̀ lo máa tẹ̀lé. Àwọn awakọ̀ tó pọ̀ jù lọ ni kì í ronú kan irú ibi bẹ́ẹ̀ nígbà tí wọ́n bá ń sọ̀rọ̀ jíà. Ojú ọ̀nà dára, ọkọ̀ ń lọ, ẹ̀rọ kò pariwo, bẹ́ẹ̀ kílọ́ọ̀ṣì ń yọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀ rẹ, kò sì sí nǹkan tó sọ fún ọ.

Ẹ̀gbọ́n mi kan tó ń gbé ní Iléṣà ra tòkunbọ̀ tó ní kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ. Mi ò ní dárúkọ ilé iṣẹ́ tó ṣe é. Ó wà á dáadáa títí di ìgbà tí ọkọ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gbọ̀n jìnnìjìnnì bó bá fẹ́ gbéra, pàápàá lẹ́yìn súnkẹrẹ-fàkẹrẹ. Tó bá ti dé ojú ọ̀nà tó ṣí, gbígbọ̀n yẹn á lọ. Àwọn kan ní kó pààrọ̀ ẹ́ńjìnnì síítì. Àwọn kan ní púlọ́ọ̀gù ni. Mo wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tí wọ́n sọ jíà náà kalẹ̀. Ọ̀gá mẹkáníìkì tẹ́ páálí sílẹ̀, ó gbé kílọ́ọ̀ṣì lé e, ó sì nu ojú irin rẹ̀ pẹ̀lú àkísà tó fi epo bẹntiróò rẹ. Eruku dúdú kúrò. Ohun tó kù lábẹ́ rẹ̀ jẹ́ àwọ̀ aró, ó yí irin náà po ní òbírípo, ó dúdú níbì kan, ó pọ́n rẹ́súrẹ́sú níbòmíì, ìlà tín-ín-tìn-ìn-tín sì ti là sí i lójú. Òórùn jíjóná ṣì wà lára rẹ̀.

"Ẹ wò ó, Ẹ̀gbọ́n," ó ní, ó fi àtàǹpàkò tọ ìlà náà. "Irin yìí ti gbóná kọjá ààlà rẹ̀. Kò sí bí mo ṣe lè lọ̀ ọ́ mọ́. Tẹ́ ẹ bá dúró lórí òkè, ẹsẹ̀ epo lẹ fi ń dì í mú, àbí búrẹ́ẹ̀kì?"

"Ẹsẹ̀ epo ni. Ṣebí ọ́tò ni, mo rọra ń tẹ̀ ẹ́ kó má baà yí sẹ́yìn ni."

"Ọ́tò ni lóòótọ́, sà. Ṣùgbọ́n kílọ́ọ̀ṣì ló wà nínú rẹ̀. Ìgbà yẹn gan-an lẹ ń sun ún."

Ẹ̀gbọ́n mi ti wakọ̀ láti ìgbà èwe rẹ̀, kò sì sí ẹni tó ta ọkọ̀ yẹn fún un tó sọ ọ̀rọ̀ kan ṣoṣo nípa irú jíà tó wà níbẹ̀. Èyí ló ń dùn mí. Wọ́n sọ fún un pé éésì ń tutù, wọ́n ní lẹ́dà ni síítì, wọ́n fi kámẹ́rà ẹ̀yìn hàn án.

Nígbà tí kílọ́ọ̀ṣì tuntun dé, ọmọ iṣẹ́ kan fẹ́ kàn án wọlé kíá kó sì dì í. Ọ̀gá kọ̀. Ó ní wọ́n gbọ́dọ̀ wọn àlàfo rẹ̀, kí wọ́n fi irinṣẹ́ tirẹ̀ tì í wọlé, kí ẹni tó ní sikánà tó péye sì wá kọ́ kọ̀ǹpútà ọkọ̀ níbi tí kílọ́ọ̀ṣì tuntun ti ń mú, nítorí ti àtijọ́ ló ṣì wà lórí rẹ̀. Wọ́n dúró títí ẹni náà fi ti Ìbàdàn dé. Mo gbóríyìn fún ọ̀gá yẹn títí di òní. Kílọ́ọ̀ṣì tuntun tí wọ́n kò bá ṣe èyí fún lè gbọ̀n ju èyí tó jóná lọ, kí olówó ọkọ̀ sì rò pé wọ́n ta ayédèrú fún òun.

Kí ẹnikẹ́ni má rò pé ojú ọ̀nà wa nìkan ló ń bá irú jíà yìí jà. Ní oṣù kẹrin ọdún 2018, ilé ẹjọ́ ìjọba àpapọ̀ Ọsirélíà ní kí Ford orílẹ̀-èdè náà san mílíọ̀nù mẹ́wàá dọ́là ti ibẹ̀ gẹ́gẹ́ bí owó ìtanràn, nítorí ọwọ́ tó fi mú ẹ̀sùn àwọn tó ra Focus, Fiesta àti EcoSport tó ní jíà PowerShift gbígbẹ. Ara ohun tó bí ilé ẹjọ́ nínú ni pé wọ́n ń sọ fún oníbàárà tó bá wá sọ pé ọkọ̀ òun ń gbọ̀n pé bí òun ṣe ń wà á ló fà á. Ford kan náà ṣe PowerShift tó wà nínú ọ́ìlì, èyí tí wọ́n fi sínú Mondeo ní Yúróòpù. Ẹjọ́ yẹn kò kàn án.

Ní China, lẹ́yìn tí ètò orí tẹlifíṣọ̀n ìjọba gbé ọ̀rọ̀ náà jáde ní oṣù kẹta ọdún 2013, Volkswagen pe ọkọ̀ 384,181 padà nítorí jíà DSG, orúkọ tó ń pe jíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì tirẹ̀. Kí ọdún náà tó parí, ó tún kéde pé ọkọ̀ tó tó mílíọ̀nù 1.6 káàkiri ayé ni òun fẹ́ pààrọ̀ ọ́ìlì jíà DQ200 inú wọn. Ọ̀rọ̀ iná mànàmáná ni ti ẹ̀ẹ̀kejì yìí, kílọ́ọ̀ṣì kọ́: ọ́ìlì tí wọ́n lò tẹ́lẹ̀ lè dá àṣìṣe sílẹ̀ nínú iná tó ń lọ sí jíà. Ṣùgbọ́n ẹ gbọ́ ibi tí ilé iṣẹ́ náà ní ó ti ń ṣẹlẹ̀: níbi tí ooru àti ọ̀rinrin bá pọ̀, tí dídúró-sísún-dídúró sì pọ̀ lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá ka gbólóhùn yẹn ní Ifẹ̀ ní oṣù kẹrin kò nílò alálàyé.

Báwo lèèyàn ṣe máa wá mọ èyí tó wà nínú ọkọ̀ tó fẹ́ rà? Ibi tí ọkọ̀ ti wá ń ṣe ìrànwọ́ ju bí a ṣe rò lọ. Volkswagen tí wọ́n tà ní Amẹ́ríkà, bó bá ní DSG, bíi Jetta GLI, Golf GTI àti àwọn TDI tó ń lo dísù, inú ọ́ìlì ló sábà máa ń wà. Jetta Hybrid ni èyí tó gbẹ níbẹ̀. Ti Jámánì àti Bẹ́ljíọ̀mù yàtọ̀. Golf tàbí Jetta 1.2 àti 1.4 TSI tó ní jíà méje láti ọ̀hún, ó ṣeé ṣe gan-an kó jẹ́ DQ200. Àwọn kan ń sọ pé jíà mẹ́fà ni ti ọ́ìlì, méje ni ti gbígbẹ. Kò rí bẹ́ẹ̀ mọ́, nítorí pé DQ381 ní jíà méje, inú ọ́ìlì ló sì wà. Kóòdù jíà ni kẹ́ ẹ bèèrè, kẹ́ ẹ sì yẹ̀ ẹ́ wò.

Hyundai fi jíà méje tó gbẹ sínú Sonata Eco 2015 tó ní ẹ́ńjìnnì 1.6 tọ́bò, àti lẹ́yìn náà sínú Elantra Sport. Nígbà tó yá tí wọ́n fẹ́ gbé ọkọ̀ tó wúwo bíi Santa Fe, àti Sorento ti Kia tó jẹ́ alájọṣe wọn, ti 2021, jíà mẹ́jọ tó wà nínú ọ́ìlì ni wọ́n ṣe. Ìyẹn fúnra rẹ̀ ti sọ nǹkan. Honda gba ọ̀nà tirẹ̀: nínú Acura TLX 2015 oní-sílíńdà mẹ́rin, wọ́n so torque converter mọ́ jíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì, kí kílọ́ọ̀ṣì má baà jẹ ìyà gbígbéra. Lójú tèmi, ọgbọ́n tó jinlẹ̀ jù nínú gbogbo wọn nìyẹn, ó dùn mí pé ó ṣọ̀wọ́n.

Mo ti sọ èrò mi tán lórí èyí tó yẹ ìdílé ní Ifẹ̀ tàbí Iléṣà: èyí tó wà nínú ọ́ìlì ni. Ṣùgbọ́n ọ́ìlì yẹn ni ẹ̀mí rẹ̀, ọ̀pọ̀ èèyàn ni kò sì ní í pààrọ̀ rẹ̀ láé. Eruku pẹpẹ tó ń họ, inú ọ́ìlì kan náà ló ń bọ́ sí, ọ́ìlì kan náà ló sì ń gba inú fáàfù tó ń darí jíà kọjá. Volkswagen ní kí wọ́n máa pààrọ̀ ọ́ìlì àti fílítà DQ250 ní gbogbo 60,000 kìlómítà. Lórí ọkọ̀ tó ń ka máìlì, nǹkan bí 40,000 nìyẹn. Ẹni tó ń lọ, tó ń bọ̀ láàrin Ifẹ̀ àti Iléṣà ní gbogbo ọjọ́ iṣẹ́ yóò wa nǹkan bí 15,000 kìlómítà lọ́dún, tó túmọ̀ sí pé ọdún mẹ́rin ló pẹ́ jù. Tòkunbọ̀ tí kò ní ìwé, ọ̀sẹ̀ tí o bá rà á ni kó o pààrọ̀ rẹ̀.

Kì í sì í ṣe ọ́ìlì tó bá wà nílẹ̀. ATF pupa tí wọ́n ń dà sínú Camry kọ́. Ti DQ250 ní nọ́ńbà tirẹ̀, G 052 182, ẹni tó bá ń tà á yóò mọ̀ ọ́n tí o bá pè é. Àràròmí ní Agodi Gate, n'Ìbàdàn, ni mo ti ń rí i rà. Bí wọ́n ṣe ń wọn ọ́ìlì náà dùn mọ́ mi wò. Kò ní ọ̀pá tí èèyàn ń fà yọ. Wọ́n á gbé ọkọ̀ sókè kó tẹ́jú, wọ́n á tan ẹ́ńjìnnì, wọ́n á so sikánà mọ́ ọn, wọ́n á máa wo bí ọ́ìlì ṣe ń gbóná. Nígbà tó bá wà láàrin 35 sí 45 lórí ìwọ̀n Celsius, wọ́n á tú nọ́ọ̀tì kan nísàlẹ̀. Ọ́ìlì tó bá lé á máa ṣàn jáde, á kọ́kọ́ já bí okùn, okùn yẹn á máa tín-ín-rín, á wá di ẹ̀kán kọ̀ọ̀kan. Tó bá ti di ẹ̀kán, wọ́n á dì í. Mẹkáníìkì tó ń bá mi ṣe é kì í gbà á lọ́sàn-án. Ó ní kí n gbé ọkọ̀ wá ní òwúrọ̀ kùtù kí n sì fi í sílẹ̀ kó tutù, torí pé lábẹ́ oòrùn Ifẹ̀, ọ́ìlì á ti kọjá 45 kí òun tó wọ abẹ́ rẹ̀ tán. Irú èèyàn báyìí lẹ́ ẹ wá. Ẹni tó bá ní "ọ́ìlì jíà yìí kì í tán títí ayé", ẹ bá a dọ́pẹ́, kẹ́ ẹ gbé ọkọ̀ yín lọ.

Wíwà rẹ̀ náà ní ẹ̀tọ́ tirẹ̀, yálà èyí tó gbẹ ni o ní tàbí èyí tó wà nínú ọ́ìlì. Lórí òkè, búrẹ́ẹ̀kì ni kó o fi di ọkọ̀ mú. Bí o bá tẹ búrẹ́ẹ̀kì dáadáa, kọ̀ǹpútà á tú kílọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, kò sí ohun tó ń họ mọ́. Nínú súnkẹrẹ-fàkẹrẹ, jẹ́ kí ẹni tó wà níwájú lọ díẹ̀ kó o tó gbéra, kó o sì gbéra tán. Mo mọ̀ pé ní Lágéré, bí o bá fi àlàfo sílẹ̀, ọ̀kadà mẹ́ta ló máa wọ̀ ọ́. Jẹ́ kí wọ́n wọ̀ ọ́. Ohun tí ọ̀pọ̀ wa ń ṣe, kéèyàn máa tú búrẹ́ẹ̀kì díẹ̀ kí ọkọ̀ máa wọ́ bí ìgbín, ni ohun tó burú jù lọ tí o lè ṣe fún kílọ́ọ̀ṣì gbígbẹ. Ìyàwó mi kọ́ èyí kíá ju bí mo ṣe kọ́ ọ lọ, ó sì ti kọ́ ọmọ wa àgbà tó ń kọ́ ọkọ̀ wíwà lọ́wọ́.

Bí o bá fẹ́ dán ọkọ̀ wò, má ṣe jẹ́ kí ẹni tó ń tà á mú ọ gba ọ̀nà márosẹ̀ nìkan. Kò sí jíà oníkílọ́ọ̀ṣì méjì tí kò dùn níbẹ̀. Kọ́kọ́ wà á nígbà tó tutù, kó o mú un wọ àárín ìlú títí á fi gbóná, kó o wá gun òkè, dúró lágbedeméjì, tún gbéra. Fi rífáàsì gun òkè náà. Gbígbọ̀n tí kò sí láàárọ̀ lè wà níbẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́. Sanwó sikánà kó o tó sanwó ọkọ̀. Àwọn jíà kan wà tí kọ̀ǹpútà wọn ń kọ bí kílọ́ọ̀ṣì ṣe gbóná sí sílẹ̀, ẹni tó bá mọ̀ ọ́n kà á rí i.

Ẹni tó jẹ́ pé ọ̀nà márosẹ̀ ló ń gbà lójoojúmọ́, tí ilé rẹ̀ wà lẹ́yìn ìlú, tí kì í kó ẹrù, bó bá rí èyí tó gbẹ tí owó rẹ̀ dínkù, tí rìsíìtì kílọ́ọ̀ṣì tuntun sì wà lọ́wọ́ ẹni tó ń tà á, mi ò ní dá a dúró. Yóò jẹ àǹfààní epo rẹ̀. Ìyàwó mi ní tirẹ̀ ń gun Ìmọ̀ láàárọ̀, ó sì ń bá Lágéré pàdé ní ìrọ̀lẹ́ pẹ̀lú àwọn ọmọ nínú ọkọ̀, nítorí náà Jetta tó ní ti inú ọ́ìlì ni a rà. Ọ́ìlì jíà rẹ̀ tún máa tó ó pààrọ̀ kí ọdún tó parí. Mo ti ra lítà mẹ́fà àti fílítà sílẹ̀ láti Àràròmí, ó kù kí mẹkáníìkì dá ọjọ́ kan fún mi lówùúrọ̀.